Grout Wo Ni Kí Ẹ Rà fún Iṣẹ́ Mosaic Yín?

Ẹni tó bá ti fi ọjọ́ mẹ́ta to àfọ́kù táìsì sórí tábìlì, tó wá fi wákàtí kan ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nítorí ohun tó kì bọ àárín wọn, á mọ ìdí tí mo fi ń kọ èyí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Búlúù àti àwọ̀ ewé ni mo fi ya ẹyẹ kan sójú tábìlì náà. Mo ra sìmẹ́ńtì funfun, mo pò ó kí ó ṣàn bí ògì kí ó lè tètè wọlé, mo sì dà á lé e. Nígbà tó gbẹ, funfun ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Ẹyẹ náà ti rì sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àárín àfọ́kù fi bẹ̀rẹ̀ sí í sán, tí ó ń bọ́ kúrò bí láfún nígbàkígbà tí mo bá fi aṣọ nù ún.

Grout ni àwọn oníṣẹ́ táìsì ń pe ohun tí a ń kì sí àlàfo àárín táìsì. Òun kọ́ ló ń mú táìsì lẹ̀. Gọ́ọ̀mù táìsì ló ń ṣe ìyẹn. Grout ń dí àlàfo kí omi àti ìdọ̀tí má ráyè wọlẹ̀, ó sì ń gbá etí àfọ́kù mú kí ó má ṣẹ́, kí ó má sì gé ọmọdé lọ́wọ́. Nínú mosaic, ìyẹn àwòrán tí a ń fi àfọ́kù tò, àwọ̀ grout tún wà lára àwòrán, èyí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé nígbà tí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀bù.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ mú rúlà, ẹ wọn àlàfo tó fẹ̀ jù àti èyí tó há jù. Ẹ bi ara yín bóyá omi máa ń dúró síbẹ̀. Ẹ sì wo ojú àfọ́kù yín: ṣé gíláàsì ni, ṣé táìsì dídán ni, àbí òkúta tó ń fa omi mu? Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló máa sọ èyí tí ẹ máa rà. Owó ọwọ́ yín nìkan kò tó fi yàn án.

Sìmẹ́ńtì funfun àti grout ilé iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ni yóò sọ fún yín pé sìmẹ́ńtì funfun ti tó. Ó rọrùn láti rí, kò sì wọ́n. Bó bá jẹ́ ìkòkò òdòdó inú pálọ̀ tàbí àwòrán ara ògiri ni, tí àlàfo rẹ̀ há, ẹ lè lò ó, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì lásán máa ń sún kì bó ti ń gbẹ. Ibi tí àlàfo bá ti fẹ̀, ńṣe ló máa fà kúrò lára etí táìsì, tí yóò sì sán.

Sìmẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ grout ilé iṣẹ́ náà, àmọ́ wọ́n ti fi ẹ̀tù polymer sí i, èyí tó ń jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ etí táìsì, kí ó sì dín sísún kì kù. Àfikún owó tí ẹ máa san lórí rẹ̀ tọ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé sìmẹ́ńtì funfun nìkan ni agbára yín ká, ẹ jọ̀ yanrìn kíkúnná, kí ẹ po ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan mọ́ méjì yanrìn fún àlàfo tó fẹ̀. Ẹ má ṣe da gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà sí i fún ohun tí omi yóò kàn. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù yẹn máa ń rọ̀ padà nígbà tí omi bá bá a.

Oníyanrìn àti aláìníyanrìn

Grout onísìmẹ́ńtì kan wà tó ní yanrìn nínú, òmíràn kò ní. Àlàfo mìlímítà 3 ni ààlà wọn. Àlàfo tí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, aláìníyanrìn ni tirẹ̀. Láti mìlímítà 3 títí dé nǹkan bí 12, ẹ ra oníyanrìn, torí yanrìn yẹn ni eegun rẹ̀. Òun ni kò jẹ́ kí ó sún kì kí ó sì sán. Ẹ má gbé ọ̀kan sí ipò èkejì. Bí ẹ bá fi oníyanrìn sí àlàfo tóóró, yanrìn yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà, abẹ́ á ṣófo, ẹ ò sì ní mọ̀ títí tí ẹnu rẹ̀ yóò fi jìn wọlé.

Wàhálà tiwa ni pé àfọ́kù táìsì kì í dọ́gba. Ibì kan yóò jẹ́ mìlímítà 2, ibòmíràn 7. Lójú tèmi, oníyanrìn tí yanrìn rẹ̀ kúnná ni kí ẹ mú fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àyàfi bó bá jẹ́ gíláàsì tàbí mábù dídán ni ẹ tò. Yanrìn lè ha ojú àwọn yẹn, ohun tó bá sì ha kò ṣeé pa rẹ́. Fún gíláàsì, ó sàn kí ẹ fara balẹ̀ tò ó kí àlàfo má kọjá mìlímítà 3, kí ẹ sì lo aláìníyanrìn. Àwọn tó tẹ́ ilẹ̀ alápàáàdì ní Ilé-Ifẹ̀ láyé àtijọ́, èyí tí ìtàn ìlú náà fi í lé Ọọ̀ni Lúwòó lọ́wọ́, etí àpáàdì ni wọ́n nà sókè, wọ́n sì tò wọ́n pẹ́kípẹ́kí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni díẹ̀ nínú wọn ti lò nílẹ̀. Títò tó há ń dín ẹrù tí grout máa rù kù.

Epoxy

Grout tí kì í ṣe sìmẹ́ńtì ni epoxy. Inú agolo méjì ló máa ń wà: oje kan, àti ohun tó ń mú un le. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gan-an ni ẹ gbọ́dọ̀ fi pò wọ́n. Kì í fa omi mu, epo pupa ò lè wọ inú rẹ̀, kò sì nílò ohun ìdíwọ́ omi lórí. Fún ilẹ̀ balùwẹ̀, ẹ̀yìn síǹkì ilé ìdáná tàbí odò ìwẹ̀, kò sí èyí tó tó o.

Àmọ́ kò dára fún ẹni tó ń ṣe mosaic fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wọ́n ju onísìmẹ́ńtì lọ fíìfíì, ooru ilẹ̀ wa sì máa ń mú un yára le. Ẹ máa pò ó díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ẹ bá gbàgbé sójú táìsì di ọjọ́ kejì, omi ò lè mú un kúrò mọ́. Èyí tó bá funfun sì lè pọ́n rúsúrúsú bí oòrùn bá ń pa á, nítorí náà n kò ní gbé e síta gbangba.

Grout tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà wà. Ó rọrùn fún iṣẹ́ kékeré inú ilé, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń gbẹ ẹ́, kò sì yẹ fún ibi tí omi ń dúró sí.

Àwọ̀

Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ibi tí ẹ̀kọ kò bò ni aró ń wọ̀, aró yẹn ló sì ń mú kí àwòrán yọ. Grout ni aró mosaic. Dúdú máa ń mú kí pupa, búlúù àti yẹ́lò tàn yòò. Funfun máa ń so àwọn àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ pọ̀ títí ojú ò fi ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Àwọ̀ eérú kì í sábà bá ẹnikẹ́ni jà, òun ni mo máa ń fún ẹni tí kò bá mọ èyí tí yóò yàn. Ẹ má fi àwọ̀ tó jọ ti táìsì tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yín sí i, torí àwòrán náà yóò pòórá.

Ẹ lẹ àfọ́kù mélòó kan mọ́ pátákó kékeré, ẹ kì grout sí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán pátápátá kí ẹ tó pinnu. Onísìmẹ́ńtì máa ń mọ́lẹ̀ sí i bó bá gbẹ. Bí òkúta yín bá ń fa omi mu, ẹ kọ́kọ́ fi ohun ìdíwọ́ omi pa á lójú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ grout dúdú yóò rin ín.

Kílò mélòó?

Ẹ ro gígùn àfọ́kù pọ̀ mọ́ ìbú rẹ̀, ẹ fi gígùn lọ́nà ìbú pín in, ẹ fi bó ṣe nípọn sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi fífẹ̀ àlàfo náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá fi 1.6 sọ ọ́ di púpọ̀. Mìlímítà ni kí gbogbo wọn jẹ́. Ohun tó bá jáde ni kílò fún mítà kan lóròó àti níbùú. Àfọ́kù 20 sí 20 tó nípọn tó 4, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 2, yóò gba nǹkan bí kílò 1.3. Táìsì tó nípọn tó 8, tí ẹ fọ́ sí nǹkan bí 50 sí 50, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 5, yóò gba nǹkan bí kílò 2.6. Ẹ rà ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Bí a ṣe ń kì í

Ẹ fún gọ́ọ̀mù ní wákàtí 24 kí ó gbẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, torí sìmẹ́ńtì ń jó awọ, ẹ sì fi nǹkan bo imú nígbà tí ẹ bá ń da ẹ̀tù náà.

Fún onísìmẹ́ńtì, omi ni ẹ máa kọ́kọ́ dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó máa da ẹ̀tù lé e díẹ̀díẹ̀. Kí ó ki bí òrí, kí ó dúró lórí tíráwẹ̀lì láì ṣàn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún rò ó, ẹ má sì fi omi kún un mọ́. Omi àpọ̀jù ló ba tábìlì tèmi jẹ́ ju ohunkóhun lọ: ibi tí omi bá gbà níbẹ̀, ihò ni yóò dà bó bá gbẹ.

Ẹ fi rọ́bà pẹlẹbẹ kì í wọlé lágbára, kí ẹ sì máa fà á láti igun kan sí igun kejì àfọ́kù, kì í ṣe gbọọrọ lójú àlàfo, kí rọ́bà má baà wà á jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 20, nígbà tó bá ti ń le, ẹ fi fóòmù tí ẹ ti fún omi inú rẹ̀ dànù nù ún, kí ẹ máa ṣan fóòmù náà léraléra. Ẹ ṣọ́ra fún etí àfọ́kù tó yọ sókè, ó ń gé fóòmù, ó sì ń gé ọwọ́. Eruku funfun tó bá kù lójú táìsì, aṣọ gbígbẹ ló ń mú un kúrò.

Ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fẹ́ẹ́rẹ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ máa ń fa omi inú rẹ̀ kí ó tó le. Igun tí ògiri méjì ti pàdé, silicone, gọ́ọ̀mù tó máa ń rọ̀ bíi rọ́bà, ni kí ẹ fi dí i, torí ibẹ̀ máa ń mira. Omi tí ẹ fi fọ irinṣẹ́, ẹ má dà á sí páìpù síǹkì. Yóò dì síbẹ̀.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ fọwọ́ tẹ àpò náà. Bó bá ti dì ní kókó, ẹ dá a padà. Ẹ ra gbogbo èyí tí ẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan náà, kí nọ́ńbà ìpèsè ara wọn bára mu, nítorí àwọ̀ máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti ìpèsè kan sí òmíràn. Ẹ di ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù sínú ìgò tó dé pinpin, kí ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀ sára rẹ̀, fún ọjọ́ tí àfọ́kù kan bá bọ́.