Ìtàn Ìlú Òǹrorò àti Ìtàn Ìrìn-àjò Akin fún Ọ̀dọ́langba: Èwo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà?

Ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ilé-ìwé gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, mo wà nínú ìsọ̀ ìwé kan ní Ṣàpọ́n, ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ìyá kan wọlé, tó sì sọ fún ọmọkùnrin tó ń tajà pé, "Jọ̀ọ́, bá mi mú ìwé ìtàn tó bá nípọn jù níbẹ̀. Ọmọ mi ti pé ọdún 13, kó má baà máa tẹ fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀." Ọmọkùnrin náà nawọ́ sókè, ó gbé ìwé kan tó lé ní ojú ewé 500 lé e lọ́wọ́, ìyá náà sanwó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìwé náà dára, mo ti kà á. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 13 tí kò tíì ka ìtàn kankan parí rí yóò fi í dí ilẹ̀kùn kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Nítorí ìyá yẹn ni mo ṣe jókòó kọ ìfiwéra yìí.

Oríṣi ìwé méjì ni àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìnnì ní Ìbàrà máa ń béèrè. Èkíní ni mò ń pè ní ìtàn ìlú òǹrorò, níbi tí òǹkọ̀wé ti gbé ìlú kan kalẹ̀, lọ́jọ́ iwájú lọ́pọ̀ ìgbà, tí àwọn aláṣẹ ti gba òmìnira lọ́wọ́ ará ìlú pátápátá, tí ọmọdé kan sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kàyéfì ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ìtàn ìrìn-àjò akin, tí ẹnì kan fi ilé sílẹ̀ lọ wá nǹkan, tó sì bá ewu pàdé lọ́nà. Orí pẹpẹ kan náà ni àwọn òǹtàwé máa ń kó wọn sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe yàtọ̀: èkíní a máa mú ọmọ bi òbí rẹ̀ ní ìbéèrè, èkejì a máa mú un gbàgbé oúnjẹ. Bí ọmọ yín kò bá tíì fẹ́ràn ìwé, èkejì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ tó máa ń jiyàn, èkíní ni tirẹ̀.

Nínú ìtàn ìlú òǹrorò, méjì ni mo máa ń gbé síwájú òbí kí n tó mẹ́nu ba òmíràn: The Giver tí Lois Lowry kọ ní ọdún 1993, àti The Hunger Games tí Suzanne Collins kọ ní ọdún 2008. The Giver kò tó ojú ewé 250, gbólóhùn inú rẹ̀ kò le, ọmọ tó wà ní JSS 1 sì lè kà á láìgbé ìwé atúmọ̀-èdè sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlú tí Jonas, ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, ń gbé tòrò, kò sí ebi, kò sí ogun, kódà kò sí àwọ̀, torí wọ́n ti mú àwọ̀ kúrò lójú àwọn ènìyàn. Bí ọmọ bá sì ti pé ọdún 12, àwọn àgbà yóò yan iṣẹ́ tí yóò ṣe láyé fún un láìbi í léèrè. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ tiwa ti máa ń dúró. Ọmọbìnrin kan fi ìka sí ojú ewé náà lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àǹtí, ṣé kì í ṣe ohun tí Dádì mi ṣe nìyí, tí wọ́n ní Sáyẹ́ǹsì ni mo máa ṣe?" N kò rí èsì fún un, torí Dádì yẹn ló ń san owó lẹ́sìnnì.

The Hunger Games kò fara balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ebi ti ń pa wọ́n níbẹ̀. Ẹkùn 12 ló ń ṣiṣẹ́ bọ́ olú-ìlú kan, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń ṣẹ́ kèké mú ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan láti ẹkùn kọ̀ọ̀kan, láàárín ọmọ ọdún 12 sí 18, tí gbogbo wọn jẹ́ 24, kí wọ́n máa pa ara wọn lójú tẹlifíṣọ̀n títí yóò fi ku ẹyọ kan. Katniss, ọmọ ọdún 16, fi ara rẹ̀ rọ́pò àbúrò rẹ̀ tí kèké mú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, orí kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń parí síbi tí ènìyàn kò ti lè pa iná. Ọmọdé ń pa ọmọdé níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kì í fi í fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 13. Àmọ́ kí ẹ má tìtorí pé The Giver kéré kí ẹ rò pé kò lágbára o: lẹ́yìn ìdajì ìwé, ibì kan wà tí Jonas ti rí ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe fún ọmọ ìkókó kan. Gbólóhùn díẹ̀ ni, ó sì wúwo ju gbogbo ìpànìyàn inú The Hunger Games lọ. Ẹ kọ́kọ́ ka ibẹ̀ fúnra yín. Ẹ sì múra sílẹ̀ fún ẹjọ́ lórí ìparí rẹ̀, torí òǹkọ̀wé fi í sílẹ̀ láìsọ bó ṣe já sí, àwọn ọmọ a sì máa bínú bíi pé èmi ni mo ya ojú ewé tó kẹ́yìn.

Àwọn tó tẹ̀ lé The Hunger Games pọ̀. Divergent ti Veronica Roth (2011) pín àwọn ará ìlú Chicago sí ẹgbẹ́ márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ìwà wọn, ọmọ ọdún 16 ni yóò sì yan èyí tí yóò wọ̀, bó tilẹ̀ gba pé kó kọ àwọn òbí rẹ̀ sílẹ̀. Kò jinlẹ̀ tó ti Collins, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó fẹ́ràn ìfẹ́ díẹ̀ láàárín ìjà máa ń sọ pé òun ló dùn jù. The Maze Runner ti James Dashner (2009) ni mo máa ń mú fún àwọn ọmọkùnrin tó ní ìwé ń sú àwọn: Thomas jí nínú àpótí kan tó ń gùn lọ sókè, kò rántí ju orúkọ rẹ̀ lọ, ó sì bọ́ sáàárín àwọn ọmọkùnrin tí odi gíga yí ká, tí ilẹ̀kùn odi náà ń tì ní gbogbo alẹ́. Ẹnà tí àwọn ọmọ náà ń bá ara wọn sọ lè rú ọmọ lójú ní orí mẹ́ta àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di eré sísá.

Ní ti ìrìn-àjò, ìwé tí mo kọ́kọ́ máa ń mú jáde ni ti Nnedi Okorafor tó jáde ní ọdún 2011, ibẹ̀ sì ni kí ẹni tó fẹ́ ra ìwé ti la ojú rẹ̀ dáadáa, torí orúkọ méjì ni ìwé kan ṣoṣo yìí ń jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Akata Witch ni. Ní Nàìjíríà níbí, Cassava Republic tẹ̀ ẹ́ ní What Sunny Saw in the Flames. Ìwé kejì náà ń jẹ́ Akata Warrior lọ́hùn-ún, ó sì ń jẹ́ Sunny and the Mysteries of Osisi níbí. Èmi tí mò ń kìlọ̀ yìí ti ra ẹ̀dà méjèèjì ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kan náà, mo gbé wọn délé bí ìwé kìíní àti ìkejì, àbúrò mi ló ṣí wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi ìka tọ́ka sí àwọn ọmọ inú ìtàn náà, Sunny, Orlu àti Chichi, nínú ti ọ̀tún, tó tún ń tọ́ka sí wọn nínú ti òsì.

Sunny jẹ́ ọmọ ọdún 12, àfín ni, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, Aba ló ń gbé, oòrùn kò sì jẹ́ kó lè gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ayé abàmì tó bọ́ sí ni pé owó ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní chittim, kì í wá láti inú òwò: bí ènìyàn bá kọ́ ohun tuntun ni yóò já bọ́ láti òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 tàbí 12 lè kà á tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

Ìwé tí ìyá inú ìsọ̀ yẹn gbé lọ ni Children of Blood and Bone, èyí tí Tomi Adeyemi, tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà láti ọwọ́ òbí ọmọ Nàìjíríà, kọ ní ọdún 2018. Ọba kan ti pa àwọn tó ń lo agbára òrìṣà run, ìyá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Zélie wà lára wọn, Zélie sì gbéra pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ọmọ ọba obìnrin kan láti dá agbára náà padà. Ìtàn ìrìn-àjò ni, ìtàn ìlú òǹrorò náà sì ni. Ọfọ̀ inú rẹ̀, Yorùbá ni. Orúkọ ìlú wa kún inú rẹ̀, àmọ́ ẹ má fi kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì, torí Ìlọrin ti inú ìwé náà, orí òkun ló wà! Ìyà àti ìpakúpa tó wà níbẹ̀ kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14. Bí idán inú ìwé Sunny bá ń kọ ilé yín lóminú nítorí ẹ̀sìn, èyí yóò kọ yín lóminú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òrìṣà ni òpómúléró rẹ̀. Fún ọmọ ọdún 15 tó ti ka méjèèjì parí, War Girls ti Tochi Onyebuchi (2019) wà, tó gbé ogun Biafra mìíràn kalẹ̀ ní ọdún 2172.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí ọmọ ka Yorùbá, ẹ má wá ìrìn-àjò jìnnà. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938 ṣì ń ṣe ohun tí àwọn ìwé tuntun wọ̀nyí ń ṣe, kò sì sí èyí tó dára tó o láti kà sókè nígbà tí iná bá lọ. Ẹ fi ìjà Àkàrà-ògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé, àti àwọn abàmì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdẹ bá dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ọlọ́gbọ́n, ìmọ̀ràn rẹ̀ gùn. Bí ọmọ bá fò ó, ẹ jẹ́ kó fò ó. Èyí tí mo fi ń wé e ni The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutùọlá, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta níbí, tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952. Ọ̀mùtí kan tó ní ọ̀pẹ 560,000 ló ń wá adẹ́mu rẹ̀ tó ti kú lọ sí ìlú àwọn òkú. Ó kúrú, ó pani lẹ́rìn-ín, ọkùnrin arẹwà tó yá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ tó sì ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà kì í kúrò lọ́kàn ọmọ. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì Tutùọlá ni, kì í ṣe èyí tí olùkọ́ yóò fún ní máàkì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń múra WAEC ṣe ìdánwò tán ná.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ló ní ìwé kejì àti ìkẹta, òǹtàwé yóò sì fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lé yín lọ́wọ́ nínú páálí kan. Ìwé kìíní nìkan ni kí ẹ rà. Ti The Giver àti The Hunger Games dá dúró láyè ara wọn, ọmọ tí kò bá sì béèrè ìkejì kò fẹ́ ẹ nìyẹn. Tòkunbọ̀ tó mọ́ sàn ju ayédèrú tuntun lọ. Ẹ ṣí i sí àárín, ẹ wò bóyá yíǹkì rẹ̀ ṣì dúdú, ẹ fa ewé kan díẹ̀ wò bóyá gọ́ọ̀mù rẹ̀ dì, lẹ́yìn náà kí ẹ ka nọ́ńbà ojú ewé láti ibì kan dé ibòmíràn. Mo fo ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn yìí nígbà tí mo ra The Hunger Games ní ìsọ̀ kan tí n kò ní dárúkọ. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọmọ tí mo yá a kan ilẹ̀kùn mi, ó di ìwé náà mú sí àyà, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti ń sunkún ẹnì kan, mi ò sì tíì rí ibi tó ti kú." Ojú ewé mẹ́rìndínlógún ni kò sí níbẹ̀. Ẹ̀dà ọmọ aládùúgbò ni ó fi ka ibi yẹn kí ó tó lọ sùn.