Tọ́bò fún ọkọ̀ tí kò bá a wá: kít tuntun, tọ́bò àlòkù, àbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ ọkọ̀?

Tọ́bò ni abẹ̀bẹ̀ tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí, tó sì ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọnú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ẹni tó fẹ́ ẹ, tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò sì pọ̀. Ẹ lè ra kít tuntun olówó pọ́ọ́kú, tí ọ̀pọ̀ nǹkan tẹ́ ẹ nílò wà nínú páálí kan. Ẹ lè wá tọ́bò àlòkù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó bá a jáde nílé iṣẹ́, irú bíi TD04 tó wà lára ọ̀pọ̀ Volvo àti Subaru, kẹ́ ẹ máa ra ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ẹ sì lè ta ọkọ̀ yín, kẹ́ ẹ fowó kún un, kẹ́ ẹ ra èyí tó ti ní tọ́bò tẹ́lẹ̀. Mo ti lo kít rí. Tọ́bò àlòkù ló wà lára ọkọ̀ mi báyìí.

Tó bá jẹ́ iye tí wọ́n kọ sára ọjà nìkan là ń wò, kít lè dà bí èyí tó dín owó jù. Àmọ́ ínjẹ́kítọ̀ tó tóbi (òun ló ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì), páńpù epo àti owó iṣẹ́ ẹni tó máa tún ECU, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, tò kì í sábà sí nínú iye yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí nínú owó tọ́bò àlòkù. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó sọ pé ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, torí òun ló gbowó lọ́wọ́ mi jù. Ọ̀pá àárín tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì ló sì ti ń yí. Ẹ́ńjìnnì ń fi agbára ti ọ́ìlì yìí wọlé láti òkè, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń tì í jáde nísàlẹ̀. Ńṣe ló ń fúnra rẹ̀ ṣàn padà sínú páànù ọ́ìlì, bí omi òjò ṣe ń ti orí òrùlé bọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, páìpù tó ń dá a padà gbọ́dọ̀ fẹ̀, kó dà gẹ̀rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó má ká kò níbì kankan, kó sì wọ inú páànù lókè ibi tí ọ́ìlì ga dé. Tí ọ́ìlì ò bá tètè rí ọ̀nà jáde, á kún inú tọ́bò, á gba ojú síìlì tó yẹ kó dí i mọ́ jò, èéfín aláwọ̀ búlúù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Họ́ọ̀sì tó bá kít tèmi wá tín-ín-rín, rọ́bà lásán sì ni. Kò pẹ́ tí mo fi ń rí èéfín nígbàkigbà tí mo bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì ní tọ́bò ti kú. A ra òmíràn, a dè é, èéfín ò dúró. Ìgbà tá a tú họ́ọ̀sì yẹn kúrò la rí i pé ooru ti mú un rọ̀ níbi tó ti gba ẹ̀gbẹ́ manifold, irin tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì, kọjá. Ó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, agbára káká ni igi ìṣáná ì bá fi gba ibẹ̀ kọjá. Kò sí nǹkan kan tó ṣe tọ́bò àkọ́kọ́.

Ibí ni tọ́bò àlòkù ti dára. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tú páìpù irin tó ń dá ọ́ìlì padà mọ́ ọn, torí ilé iṣẹ́ ló ṣe é, ó fẹ̀ tó, ooru ò sì lè tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lu ihò sí páànù fún páìpù náà, ẹ tú páànù náà sílẹ̀ kí ìyẹ̀fun irin má bàa wọnú ẹ́ńjìnnì.

Kít borí nínú ohun kan: manifold rẹ̀ máa ń bá ẹ́ńjìnnì mu, nígbà tí tọ́bò àlòkù máa ń fẹ́ jórinjórin tó mọṣẹ́. Àmọ́ irin manifold kít olówó pọ́ọ́kú máa ń fẹ́lẹ́, ó sì máa ń sán.

Ní ti epo, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá tọ́bò wá sábà máa ń ní compression (bí písítìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó) 10 tàbí 11 sí 1, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí agbára tí tọ́bò fi ń ti afẹ́fẹ́ kọjá nǹkan bíi psi márùn-ún sí méje. Epo inú ìpín afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1 tó ń lò nígbà tó bá ń rìn jẹ́jẹ́ ò tó nígbà tí tọ́bò bá ń fẹ́. Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà láàárín 11.5 àti 12 sí epo 1. Ẹ ra sẹ́ńsọ̀ wideband tó ń wọn ìpín yìí, kẹ́ ẹ sì máa wò ó. Bí epo bá kéré sí afẹ́fẹ́, písítìnì lè fọ́ kẹ́ ẹ tó gbọ́ ohunkóhun.

Ọkọ̀ tó bá tọ́bò wá ti bọ́ nínú gbogbo wàhálà yìí. Písítìnì, ọ̀nà ọ́ìlì àti ECU rẹ̀, torí tọ́bò ni wọ́n ṣe ṣe wọ́n. Ẹni tó gbára lé ọkọ̀ kan ṣoṣo láti lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, èyí ló yẹ ẹ́. Ẹni tó ń kánjú, tó sì ṣe tán láti pààrọ̀ họ́ọ̀sì, gásíkẹ́ẹ̀tì àti kílíìpù inú kít kó tó dè é, kít náà á ṣiṣẹ́ fún un. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ yín gan-an lẹ fẹ́ràn, tẹ́ ẹ sì lè ní sùúrù, ẹ lọ wá tọ́bò àlòkù. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ di ọ̀pá rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ tì í síwá sẹ́yìn: kò gbọ́dọ̀ mì. Ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì: ó lè mì díẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kan ara ilé rẹ̀. Tí etí abẹ̀bẹ̀ náà bá ti họ tàbí tó ti ya, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.