VM 20 lórí Ryzen 9 7900: ohun tí ojú mi rí

Akẹ́kọ̀ọ́ 20 ni mo ń kọ́ ní Linux n'Íbàdàn, kálukú wọn ló sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tó lè bà jẹ́, kó sì tún un ṣe. Owó kọ̀ǹpútà 20 kò sí, mo bá ní kí n dá VM 20 (virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) sórí ẹ̀rọ kan. Mo ra processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) kan ṣoṣo, Ryzen 9 7900 ti AMD, tí ẹnikẹ́ni kò tíì já páálí rẹ̀, pẹ̀lú RAM 96GB.

Torí iná ni mo ṣe yan èyí. Core 12 (apá tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an) àti thread 24 (ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà wọlé) ló ní, síbẹ̀ 65W ni wọ́n kọ sí i lára. 170W ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 7950X. Ẹni tó bá ń fi inverter ṣiṣẹ́ tí NEPA bá ti mú iná lọ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Fáànù rẹ̀ náà wà nínú páálí.

Mo fi Proxmox, ètò tó ń bójú tó VM, sí i, mo ní kí VM àkọ́kọ́ gbéra, ó ní òun ò rí KVM, ìyẹn apá Linux tó ń gbé VM ṣiṣẹ́. Àyà mi já. Àṣé wọn ò tan SVM, ohun tó ń jẹ́ kí processor AMD lè gbé VM, sílẹ̀ nínú BIOS (ètò ìpìlẹ̀) motherboard ni. Mo tàn án, ó tán. Ẹ kọ́kọ́ wo ibẹ̀ kí ẹ tó gbé ọjà padà lọ bá ẹni tó tà á fún yín.

Ìdánwò gan-an wá nìyí. Mo ṣe VM 20, vCPU 2 (processor àfarawé tí VM ń rí) àti RAM 4GB fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fún gbogbo wọn ní fáìlì ńlá kan náà, kí wọ́n fi xz -T2 fún un pọ̀, kí wọ́n gba sha256sum rẹ̀ (àmì ìdánimọ̀ tó máa yí padà bí ohun kékeré bá yí nínú fáìlì), kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Processor tuntun tó ní àléébù kì í sábà kú fin-ín. Ó lè máa ṣírò ohun tí kò tọ̀nà láìpariwo, ẹ ò sì ní fura títí dátà yín yóò fi bàjẹ́. Bí sha256sum kan bá fi lè yàtọ̀ báyìí, inú páálí ló ń padà sí.

Mo jókòó tì í di aago méjì òru. Mo ṣí top, ètò tó ń fi iṣẹ́ processor hàn, nínú VM keje, mo tẹjú mọ́ st, ìyẹn àkókò tí VM fi ń dúró kó tó kàn án. Nígbà tí VM 12 péré ń ṣiṣẹ́, bí òdo ló rí. Nígbà tí gbogbo 20 jọ gbéra, ó sún mọ́ 40%. Kò sì burú: vCPU 40 ló ń du thread 24. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń tẹ lẹ́tà ló ń jáde.

Láàárọ̀, mo kó gbogbo sha256sum jọ, mo fi sort àti uniq sẹ́ wọn, kí èyí tó bá jọra di ẹyọ kan. Ìlà kan ṣoṣo ló kù. Mo wo dmesg (àkọsílẹ̀ ohun tí Linux rí), mce kankan, ìyẹn àṣìṣe tí processor fúnra rẹ̀ sọ, ò sí níbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Ẹ má kàn rò pé thread 24 jẹ́ core 24 o. Méjì méjì ló ń pín core kan lò. RAM ló sì máa kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ yín: VM mi nìkan ti gba 80GB.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọ wọlé. Ọ̀kan ti pa /etc, fódà tí ètò Linux wà, rẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹni tó jókòó tì í ò tiẹ̀ gbójú sókè, iṣẹ́ tirẹ̀ ń lọ ní pẹrẹu. Bí mo bá tún máa ṣí kíláàsì kejì, Ryzen 9 7900 yìí náà ni màá rà.