Ẹ sá fún ọkùnrin tó ń ta mọ́ọ̀dù igi yìí o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣe ìhámọ́ra onítíátà nílé, ẹ dákun, ẹ gbọ́ tèmi. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. ₦65,000!

Ìgbàyà jagunjagun méjì ni mo fẹ́ fi awọ ṣe fún ẹgbẹ́ eléré kan. Mo wá ń wá mọ́ọ̀dù, àyà ọkùnrin tí wọ́n fi igi gbẹ́, tí n ó na awọ tútù lé títí tí yóò fi gbẹ. Ọkùnrin yìí gbé tiẹ̀ sórí WhatsApp: igi ọmọ̀ gidi, ìtì kan ṣoṣo, òun ò so ó pọ̀. Ọmọ̀, igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù! Mo san gbogbo owó lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó dé, ó wúwo, ó ń dán, wọ́n ti kùn ún. Mo tiẹ̀ fi han ìyàwó mi, mo ń yangàn. Mo rẹ awọ màlúù tí wọ́n fi èso bàgàrúwà ṣe ní Kánò (₦28,000 lọ́tọ̀ nìyẹn o), mo nà án lé e, mo fi okùn dì í, mo lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́, tóótòòtó dúdú mẹ́rìndínlógún ló wà lójú awọ. Mo kà wọ́n! Bí ẹni pé wọ́n kán tàdáwà sí i. Ìṣó ni. Irin àti awọ bàgàrúwà tó tutù kì í bára wọn ṣe, dúdú ló máa ń sọ ọ́. Mo sì mọ̀, ìdí tí mo fi ń lo okùn nìyẹn! Mo ṣí awọ, ejìká òsì bá a wá. Ejìká! Àjákù pákó ni wọ́n kàn pọ̀, wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù funfun dí ojú ẹ̀, wọ́n wá kùn ún. Gọ́ọ̀mù yẹn mu omi mọ́jú, ó di ẹ̀kọ.

Kápẹ́ńtà ni bàbá tó bí mi. Ká ní mo ha ìdí ẹ̀ díẹ̀ ni... Ṣùgbọ́n ta ló ń ha ọjà tuntun? Ẹ má sì bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ́kọ́ lọ wò ó. Oko Bàbá, níbi tí wọ́n ti ń la pákó ní Èbúté Mẹ́ta l'Ékòó, ló ní òun wà. Mo débẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Mo pè é, ó ní èmi ni mo rẹ igi sómi. Awọ ni mo rẹ! Ó ti nọ́ńbà mi pa.

Kí n tó gbàgbé: ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn spíkà tó ti bàjẹ́ rìn yí i ká, ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ìṣó wà níbẹ̀. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti kùn. Ìlàjì owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san.

Ní tèmi, mi ò ra nǹkan kan lórí fóònù mọ́, ì báà jẹ́ àlùfáà ló ń tà á. Olè ni gbogbo wọn. Ó dáa, aláwọ tèmi ní Mushin ò ṣe mí ní nǹkan kan. Àmọ́ òun náà, mo ti ń ronú pé kí n tún awọ yẹn wọ̀n.

Lánàá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán kan hàn mí: orúkọ mìíràn, nọ́ńbà mìíràn, àyà igi kan náà lórí bẹ́ǹṣì aláwọ̀ ewé tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti ṣẹ́, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé. Ó ti di ₦70,000.