Ọdún mẹ́ta ní Geelong: ibi tó yẹ kẹ́ ẹ gbé àti ibi tó yẹ kẹ́ ẹ máa lọ ṣeré

Bíi lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lórí WhatsApp: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Fíìsà 491 wa ti jáde, wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ gbé Melbourne. Ṣé Geelong dáa? Àbí ká kúkú gbalé sétí òkun?" (491 ni fíìsà tí Ọsirélíà ń fún ẹni tó gbà láti gbé níta àwọn ìlú ńláńlá bíi Melbourne.) Ọwọ́ ti ń ro mí láti máa tẹ ìdáhùn kan náà, ni mo bá ní kí n jókòó kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa dé síbí lóṣù kẹjọ ọdún 2022. A ti gbé àdúgbò méjì, mo sì ti fi ohun tó lé lọ́dún méjì ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Ocean Grove. Ohun tójú mi rí ni màá sọ. Ẹni tó bá ń kánjú lè gba kókó rẹ̀ lọ báyìí: ẹ gbalé síbi tí rélùwéè wà nítòsí, kẹ́ ẹ máa lọ kí òkun lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí, kó jókòó tì mí.

Geelong tó nǹkan bíi kìlómítà 75 sí Melbourne. Ilẹ̀ àwọn Wadawurrung ni, òun ló sì tóbi ṣìkejì ní ìpínlẹ̀ Victoria. Ìlú ńlá ni o, àmọ́ láti oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni ìjọba ti kà á mọ́ ibi tí oní-fíìsà 491 lè gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tẹ́ ẹ ti lè gbé náà ni ibi tẹ́ ẹ ti lè ṣiṣẹ́. Melbourne wà fún ọjà rírà àti òde ṣíṣe títí ọdún mẹ́ta á fi pé tẹ́ ẹ máa lè béèrè 191, ìyẹn fíìsà tó ń jẹ́ kéèyàn máa gbé ibí títí. Ohun mìíràn tí kò yé mi nígbà tí mo dé ni pé omi tó yí ìlú yìí ká kì í ṣe ẹyọ kan. Corio Bay tó wà níwájú ìlú (omi òkun tí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká ni wọ́n ń pè ní bay) dákẹ́ jẹ́ẹ́, ọmọdé lè ṣeré níbẹ̀. Ti apá gúúsù, níbi tí Torquay àti Ocean Grove wà, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀, màá dé ibẹ̀.

Norlane la kọ́kọ́ gbé, lápá àríwá. Bẹ́ ẹ bá sọ fún ará Geelong pé ibẹ̀ lẹ̀ ń gbé, ẹ máa rí i bí ojú rẹ̀ á ṣe yí padà. Á ní "3214", ìyẹn nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ Norlane àti Corio, bí ẹni tó ń dárúkọ àìsàn. Ẹ má wò wọ́n jù. Ilé kéékèèké tí ìjọba kọ́ fáwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló pọ̀ níbẹ̀. Bàbá tó múlé tì wá fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní Ford. 1925 ni Ford bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Geelong, oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni wọ́n dáwọ́ mọ́tò ṣíṣe dúró ní Ọsirélíà. Bàbá yìí ló kọ́ wa pé ìdọ̀tí tó ń lọ sínú ike oní-ìdérí pupa yàtọ̀ sí ti oní-ìdérí yẹ́lò. Òun ló sì máa ń gbé ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu ọ̀nà wa láìkan ilẹ̀kùn rárá. N kò tíì rí irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀ níbòmíì.

Ohun tí mo rí tí mo fi sá ni òtútù ilé yẹn. Hítà kan ṣoṣo ló wà, pálọ̀ ló sì wà. Lóṣù keje, epo pupa inú kọ́bọ́ọ̀dù dì bí ọ̀rá màlúù. Mo máa ń ki ìgò bọ inú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó lè rí epo dà sí ọbẹ̀. Yàrá ńkọ́? Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ń rí èémí ara mi.

Bá a ṣe rí ilé ọ̀hún gbà gan-an, ìtàn ni. Sátidé ni wọ́n sábà máa ń ṣílẹ̀kùn fún èèyàn wò, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, ẹ ó sì bá ogún èèyàn lórí ìlà. Ilé mọ́kànlá ni wọ́n fi dù wá. Ejẹ́ǹtì ń béèrè lẹ́tà látọ̀dọ̀ onílé tá a gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Lánlọ́ọ̀dù wa n'Íbàdàn kì í kọ lẹ́tà, ariwo ló máa ń pa! Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá wa tẹ̀ ẹ́, tí bàbá fọwọ́ sí i, ilé kejìlá sì bọ́ sí wa lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ gba lẹ́tà yẹn o. Ó wúlò ju ẹ̀wù òtútù tẹ́ ẹ fẹ́ kó wá lọ.

Ní 2023 la kó lọ sí Armstrong Creek, apá gúúsù ìlú. Ilé tuntun, ògiri tó gba ooru dúró, ilé ìwé tí ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé. Gbogbo èèyàn ni àlejò níbẹ̀: ará Íńdíà, ará Philippines, àwa náà. Ẹnikẹ́ni ò lè ní òun ló nilé. Owó ilé wa fi bí ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ́sẹ̀ ju ti Norlane lọ (ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ka owó ilé níbí, ẹ má fi oṣù ṣírò). Àléébù rẹ̀ ni pé òrùlé sún mọ́ òrùlé, igi kò sí, láìní mọ́tò ẹ ò lè ra iyọ̀. Tó bá sì di oṣù kẹsàn-án, ẹyẹ magpie á máa já lu èèyàn lórí torí ó ní ọmọ nínú ìtẹ́. Àwọn òyìnbó máa ń wọ akoto. Èmi wé gèlè tó nípọn, ó ṣiṣẹ́.

Grovedale àti Marshall tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé kó wá ilé sí. Ilé ibẹ̀ kò tuntun, kò sì gbó jù, àti pé rélùwéè wà ní Marshall àti Waurn Ponds. Iléèwé gíga Deakin náà kò jìnnà. Highton àti Newtown dáa, tówó bá wà. Lara wà lọ́nà Melbourne (àwa Yorùbá ò yé fi orúkọ yẹn ṣẹ̀fẹ̀: "Níbo lẹ̀ ń gbé?" "Lara." "Lára ta ni?"), àpáta You Yangs wà lẹ́bàá rẹ̀ fún ẹni tí Olúmọ ń wù ú gùn. Òpópónà Pakington sì wà, níbi tí ilé kọfí pọ̀ sí, Pako ni gbogbo ìlú ń pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ká pàdé ní Pako, pákò ìfọyín ni mo rò. Ẹ̀rín pa mí níwájú ọ̀gá mi, n kò sì rí bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún un.

Rélùwéè ló gbé ìlú yìí ga lójú mi. Ó tó nǹkan bíi wákàtí kan sí ibùdókọ̀ Southern Cross ní Melbourne. Láti oṣù kẹta ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ ti fi òdiwọ̀n sówó ọkọ̀, ohun tí ará Melbourne ń san lóòjọ́ náà làwa náà ń san. Ọkọ̀ ọ̀hún máa ń dúró ní Footscray, ibẹ̀ la ti ń ra èlùbọ́, gàrí, panla, iṣu. Mo ti gbé iṣu márùn-ún wọ ọkọ̀ ojú irin yẹn rí, tí ìyá òyìnbó kan bi mí pé ṣé igi ìdáná ni.

Ó ku etíkun. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ.

Ocean Grove ni mo mọ̀ jù. Àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá a sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1880, wọ́n fi orúkọ ìlú kan ní New Jersey sọ ọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ta ọtí. Lónìí àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì ló kún ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fi pọ̀ níbẹ̀. Kí n tó ra mọ́tò, bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀. Sunday àkọ́kọ́ tí mo ní iṣẹ́, àkókò ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ ni mo wò lórí fóònù, ni mo bá dúró sẹ́bàá títì láàárọ̀ kùtù bí ẹni tí ọkọ lé jáde. Takisí ni mo wọ̀ níkẹyìn, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìdajì owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn.

Oṣù kìíní ọdún 2023 la lọ ṣe ìgbádùn níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ìjọ. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ lọkọ mi, ọ̀sà ló fi kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe máa sọ fún un pé omi kan wà tí kò mọ̀. Àsíá pupa òun yẹ́lò méjì wà lórí yanrìn, àárín wọn ni wọ́n ní kéèyàn ti wẹ̀. Ó wo àárín àsíá, ìgbì ń fọ́ níbẹ̀, ọmọdé ń ké. Ó wo apá òsì, omi tẹ́ rẹrẹ, ó dúdú díẹ̀, kò sí ìgbì. Ó ní, "Ibí yìí ló rọrùn." Kí n tó pe orúkọ rẹ̀ tán, mo rí i pé orí rẹ̀ ti ń kéré sí i. Ó ń wẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ó sì ń lọ sẹ́yìn. Fèrè dún, ọmọbìnrin kan lára àwọn tó ń ṣọ́ etíkun, tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, gbé pákó ìgungbì rẹ̀, ó bọ́ sómi, ó gbé e wá bí ẹni gbé àpò gàrí.

Ọmọ náà ló ṣàlàyé fún wa. Omi tí ìgbì gbé wá sí èbúté gbọ́dọ̀ padà, ibi tó jìn ló sì máa ń gbà padà. Ìgbì kì í fọ́ níbi tó jìn, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó dákẹ́. Rip ni wọ́n ń pè é. Bó bá gbé yín, ẹ má bá a jà. Ẹ jẹ́ kó gbé yín lé, ẹ nawọ́ sókè, kẹ́ ẹ wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe tààrà sí etíkun. Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ìyẹn nìkan kọ́. Lọ́jọ́ kan náà yẹn, ooru mú dé ibi pé yanrìn ń jó ẹsẹ̀ nínú sálúbàtà. Nígbà tó di bí aago mẹ́ta, atẹ́gùn yí padà wá láti ojú òkun, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ a ti ń wá ẹ̀wù òtútù. Ẹ máa fi ẹ̀wù sínú mọ́tò, ì báà jẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Torquay (Tọọkí ni ẹ pè é, ẹ má pe W) ni olókìkí inú wọn. Ibẹ̀ ni Rip Curl àti Quiksilver, àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò ìgungbì, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1969, ibẹ̀ náà ni ọ̀nà etíkun tí wọ́n ń pè ní Great Ocean Road ti bẹ̀rẹ̀, kìlómítà 243, táwọn ọmọ ogun tó ti ojú ogun dé fọwọ́ là láàárín 1919 sí 1932. Bells Beach wà nítòsí, wọ́n máa ń ṣe ìdíje ìgungbì níbẹ̀ lásìkò Àjíǹde. Ó rẹwà, owó ilé rẹ̀ kò rẹwà. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ gbalé sí ọ̀kan nínú àwọn ìlú etíkun yìí. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, onílé ní kó kó jáde, àwọn ọlọ́lidé ń bọ̀, owó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n máa san pọ̀ ju ohun tí òun ń san lóṣù lọ. Ohun tí mo fi ń sọ pé etíkun kì í ṣe ibùgbé àlejò nìyẹn. Lóṣù keje, ilé tó ṣófo pọ̀ níbẹ̀. Lóṣù kìíní, ẹ ò ní rí ibi páàkì mọ́tò.

Barwon Heads, níbi tí odò Barwon ti bọ́ sókun, fún fọ́tò ni. Queenscliff ní ilé iná dúdú kan, ilé gogoro tí iná rẹ̀ ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà lójú omi, ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé mọ́tò àti èèyàn ibẹ̀ lọ sí Sorrento ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ní Point Lonsdale, ẹ dúró lẹ́bàá ilé iná, kẹ́ ẹ wo òdìkejì. Etíkun tó wà lápá ọ̀hún ni Harold Holt ti lọ lúwẹ̀ẹ́ lóṣù kejìlá ọdún 1967, nígbà tó wà lórí àlééfà gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba Ọsirélíà. Wọn ò rí òkú rẹ̀ dòní. Mo fi han ọkọ mi, ó kàn mi orí.

Portarlington ni tèmi nínú gbogbo wọn. Ojú bay ló wà, omi rẹ̀ tutù pẹ̀lẹ́, ọkọ̀ ojú omi ń ti ibẹ̀ lọ sí Docklands ní Melbourne. Wọ́n ń sin mussel níbẹ̀, ẹran inú ìkarahun dúdú tó dà bí àbúrò ìsáwùrú. Ẹ rà á, ẹ fi ata rodo àti àlùbọ́sà sè é, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyá mi wá lópin ọdún 2024. Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bèèrè ni omi òkun fún àdúrà. Mo gbé wọn lọ sí Portarlington láàárọ̀ kùtù torí ibẹ̀ ló rọrùn fún ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wo omi náà títí, wọ́n yíjú sí mi: "Ṣé òkun lo pe èyí? Òkun kì í dákẹ́ báyìí. Ọ̀sà nìyí." Ó di dandan ká wa mọ́tò dé Ocean Grove. Àárín àsíá méjèèjì ni mo ti mú wọn lọ́wọ́ tí wọ́n fi bu ìgò kan. Wọ́n bu ìgò kejì sílẹ̀ fún wa, inú fíríìjì ló ṣì wà. Mo lẹ ìwé mọ́ ọn kí ọmọ má bàa mu ún.