Àgbéyẹ̀wò ilé ìwòsàn tí mo bímọ sí ní Ìkòròdú, àti àjọṣe wọn pẹ̀lú àwọn ará ìlú Ọba

Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ mi kejì ni àwọn aláboyún ti ń bi mí léèrè, lọ́jà Sábó, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí WhatsApp: "Ṣé lóòótọ́ ni pé ilé ìwòsàn yẹn dáa? Ṣé àwọn òyìnbó wà níbẹ̀?" Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìwòsàn aládàáni ni, níbí ní Ìkòròdú, ó sì ní àjọṣe pẹ̀lú ilé ìwòsàn ìjọba kan ní ìlú Ọba. Àwọn agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì láti ọ̀hún máa ń wá bá àwọn tiwa ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á padà, wọ́n á sì máa bá ẹ̀kọ́ lọ lórí fóònù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí, torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá wọn rò, mo sì ti sọ ọ́ fún wọn lójúkojú.

Bó bá jẹ́ pé kí dókítà òyìnbó lè gbẹ̀bí yín lẹ ṣe fẹ́ lọ, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Mi ò fojú kan òyìnbó kankan lọ́jọ́ tí mo rọbí. Ẹ̀rọ ńláńlá náà kò pọ̀ níbẹ̀. Àṣà iṣẹ́ ni àjọṣe yẹn gbé wọlé. Wọ́n máa ń wọn nǹkan, wọn kì í fojú díwọ̀n, wọ́n sì máa ń fi ọmọláńgidi dánra wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kódà nígbà tí kò sí àlejò nílé. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ nìyẹn.

Irú àjọṣe báyìí ti pẹ́. Ní 1988 ni Eldryd Parry, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Nàìjíríà, dá àjọ THET sílẹ̀ ní ìlú Ọba láti so àwọn ilé ìwòsàn ọ̀hún pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé kí àwọn tó wà níbí fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n nílò kí àlejò tó di ẹrù rẹ̀ láti wá. Matírọ́nù ibi tí mo lọ sọ fún wa ní kílíníìkì pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ ni àwọn ní kí wọ́n wá bá àwọn ṣe, torí òun ló ń já àwọn láyà jù. Inú mi dùn pé ẹni tó ń gbẹ̀bí lójoojúmọ́ ló yan ẹ̀kọ́ tí wọ́n wá kọ́.

Ní kílíníìkì, a máa ń kọrin, a máa ń jó bíi ti ibi gbogbo, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í lọ sílé láì jẹ́ pé wọ́n wọn BP rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Oyún mi ti lé díẹ̀ ní oṣù méje nígbà tí BP mi lọ sókè di 160/110. Orí ń fọ́ mi, ojú mi sì ń ṣe wìrìwìrì. Nígbà oyún mi àkọ́kọ́, níbòmíràn, ohun tí wọ́n sọ fún mi nígbà tí ara mi rí bẹ́ẹ̀ ni pé kí n lọ sinmi, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì tibí tún BP náà wọ̀n, ó dìde lórí ìjókòó, ó mú mi lọ́wọ́, ó di wọ́ọ̀dù.

Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ni wọ́n fún mi kí gìrì má bàa gbé mi. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 33, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002, fi hàn pé ó ń dín ewu gìrì aláboyún kù tó ìdajì. Ara mi gbóná láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ nígbà tó wọlé. Kí wọ́n tó fún mi ní òmíràn, nọ́ọ̀sì fi òòlù kékeré gbá abẹ́ orúnkún mi láti wò ó bóyá ẹsẹ̀ mi á ta. Ó tẹjú mọ́ aago, ó ka èémí mi fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó tún bẹ̀rẹ̀ wo iye ìtọ̀ tó wà nínú àpò. Ó wá yíjú sí ọkọ mi: "Dádì, tí ẹsẹ̀ wọn ò bá ta mọ́, tàbí tí wọn ò mí dáadáa, oògùn náà ti pọ̀ jù lára wọn nìyẹn, a ó dá a dúró." Gbogbo ìgbà tí wọ́n fẹ́ fún mi ni wọ́n ń ṣe é, lóru bíi lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì yòówù tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ṣèèṣì já fáfá.

Bí ọmọ ṣe jáde báyìí, wọ́n na ọ̀rá kan sábẹ́ ìdí mi. Ó ní àpò nísàlẹ̀, ìlà òǹkà tó ń sọ iye mílílítà ẹ̀jẹ̀ sì wà lára àpò náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ibi bọ́ tí nọ́ọ̀sì kan bẹ̀rẹ̀ wo ìlà, ó ní, "Ó ti kọjá 300, ó ṣì ń dà." Kò pariwo o. Ẹnì kan gbọ́wọ́ lé ikùn mi, ó ń ra ilé ọmọ, ó dùn mí débi pé mo kígbe. Ẹnì kejì gún mi ní oxytocin tó ń jẹ́ kí ilé ọmọ sún pọ̀, wọ́n gbé omi kọ́, wọ́n fi tranexamic acid tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dáwọ́ dúró gba ojú iṣan. Dókítà dé, ó ń yẹ̀ mí wò bóyá ara ya, bóyá ibi ò jáde tán. Kò sẹ́ni tó ń bi ara wọn pé kí ló kàn. Níbi tí mo ti bí àkọ́bí mi, aṣọ tó rin ni wọ́n wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yẹn ló mú kí wọ́n fa páìǹtì méjì sí mi lára lóru ọjọ́ náà.

Ìlànà tí wọ́n fi tọ́jú mi ló ń jẹ́ E-MOTIVE. Yunifásítì Birmingham ló ṣáájú ìwádìí rẹ̀, ilé ìwòsàn 80 ló sì kópa ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Tanzania àti South Africa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Kánò wà lára àwọn tó darí rẹ̀ nílẹ̀ wa. Nígbà tí èsì jáde ní 2023, ẹ̀jẹ̀ dídà tó le, iṣẹ́ abẹ nítorí ẹ̀jẹ̀ àti ikú tó ń tibẹ̀ wá, lápapọ̀, ti fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù níbi tí wọ́n ti lò ó. Kò sí oògùn àràmàǹdà kankan níbẹ̀. Àwọn oògùn yẹn ti wà tipẹ́. Ọ̀rá onílà yẹn ló jẹ́ kí wọ́n tètè mọ̀, tí wọ́n á sì ṣe gbogbo rẹ̀ papọ̀ dípò kí wọ́n dán ọ̀kan wò, kí wọ́n máa retí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ni oyún tàbí ìbímọ pa ní Nàìjíríà ní 2023 nìkan. Mo ti wà létí irú ìṣirò yẹn rí, ìdí nìyí tí mi ò fi lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rá yẹn.

Ọmọ náà kò ké nígbà tó jáde. Wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nù ún, wọ́n ra á lẹ́yìn, kò ké. Agbẹ̀bí gbé e sórí tábìlì, ó gbé ìbòmú kékeré lé e nímú àti lẹ́nu, ó ń tẹ báàgì tó so mọ́ ọn, ó ń kà á sókè. Mo ń wo àyà ọmọ mi tó ń dìde. Ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n máa ń fún ara wọn láti bẹ̀rẹ̀ sí í fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lémìí. Ẹ̀kọ́ Helping Babies Breathe nìyẹn, tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2010. Ọmọláńgidi tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, iléeṣẹ́ Laerdal ní Nọ́wè ló ń ṣe é. Mo rí tiwọn nígbà tó yá. Ara rẹ̀ ti dọ̀tí, ìbòmú rẹ̀ ti gbó, ìwé kan sì wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ sí nígbàkigbà tí wọ́n bá dánra wò. Ọmọláńgidi tó mọ́ tónítóní ni ì bá bà mí lẹ́rù.

Ọmọ mi ké. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1.7 kílò.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Wọn ò gbé ọmọ náà sá fún mi. Wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọ́n fi fìlà àti nápìkìn sílẹ̀ fún un, wọ́n gbé e lé àyà mi láàárín ọmú méjèèjì, wọ́n sì fi ọ̀já wé wa pọ̀. Bógotà ní ilẹ̀ Kòlóńbíà ni dókítà Edgar Rey ti bẹ̀rẹ̀ èyí ní 1978, nígbà tí ẹ̀rọ amọ́mọgbóná kò tó àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, pé kí wọ́n gbé ọmọ lé àyà lójú ẹsẹ̀ láì dúró kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Èsì jáde ní 2021: ikú àwọn ọmọ tí kò tó kílò 1.8 yẹn fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Nígbà tí àárẹ̀ bá mú mi, ọkọ mi á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á gbé e sí àyà tirẹ̀, á jókòó gbọnin. Ife kékeré ni mo fi ń fún un ní omi ọmú tí mo fọwọ́ fún, títí tó fi lágbára láti mu ọmú fúnra rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi gbé omi gbígbóná àti kànìnkànìn dé láti wẹ ọmọ, wọ́n sì mú àgbo dání fún ìwọ́. Ọkàn mi kọ́kọ́ dàrú, mo rò pé ìjà máa ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà kúnlẹ̀ kí wọn. "Màmá, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ ó wẹ̀ ẹ́ o, ẹ̀yin náà lẹ máa wẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sanra sí i, mà, torí òtútù ń pa irú wọn." Ó gba ọwọ́ wọn, ó fi wọ́n sí ẹ̀yìn ọmọ lábẹ́ ọ̀já kí wọ́n fọwọ́ ara wọn mọ bó ṣe móoru tó. Ó fi gẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tó ń pa kòkòrò àrùn hàn wọ́n, ó ní ìwọ́ nìkan ni wọ́n ń fi í sí, ó tẹnu mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ kan ojú ọmọ rárá. Ìyá ọkọ mi ló ń fi í pa ìwọ́ ọmọ láti ọjọ́ náà. Kò sí òyìnbó tó lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìkúnlẹ̀ yẹn. Inú ilé ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Ẹjọ́ mi wá kù. Nọ́ọ̀sì kò tó lóru. Méjì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ fún gbogbo wọ́ọ̀dù, tí ìbí méjì bá sì pàdé, ẹni tó wà lórí ibùsùn á dúró. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rá onílà yẹn máa ń tán. Ẹni tó bímọ lẹ́yìn mi, abọ́ lásán ni wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa dúró de ẹrù àlejò. Ẹ̀rọ CPAP kan wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí kò pé oṣù, ẹ̀bùn ni láti ìlú Ọba, aṣọ ni wọ́n fi bò ó ní kọ̀rọ̀ torí pé apá kan rẹ̀ bàjẹ́, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè rà á níbí. Ìyá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní láti bá ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Máìlì 12 láàárọ̀ mọ bí ọkàn obìnrin yẹn á ti rí. Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni f'Ólúwa.

Èyí tó dùn mí jù ni ti fọ́tò. Àwọn àlejò dé nígbà tí mo ṣì wà ní wọ́ọ̀dù, ọ̀kan nínú wọn sì ya èmi àti ọmọ mi, ọ̀já ti tú, láì bi mí. Mo ní kí ó pa á rẹ́, ó sì pa á rẹ́, ó bẹ̀ mí. Àmọ́ àwọn mélòó ni kò lè sọ̀rọ̀? Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ìtọ́jú yín kò ní dínkù, matírọ́nù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí fún mi.

Agbẹ̀bí tó fún ọmọ mi lémìí ti jápa báyìí. Ìlú Ọba kan náà ló lọ. Mi ò bá a wí, owó oṣù ibí kò tó jẹun. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé fi Nàìjíríà sára orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera kò tó ní 2023, kí àwọn ìlú olówó má bàa máa wá kó wọn lọ, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń lọ. Bí ilé ìwòsàn ọ̀hún bá fẹ́ràn wa lóòótọ́, kí wọ́n fi lára owó ọkọ̀ òfuurufú àlejò kún owó nọ́ọ̀sì alẹ́. Mo lọ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, mo yọjú wo ìwé ara ògiri yẹn. Wọ́n ṣì ń fọwọ́ sí i, orúkọ tuntun ló pọ̀ níbẹ̀.

Èmi á padà síbẹ̀, mo sì ti rán àbúrò mi lọ. Owó wọn ga ju ti ìjọba lọ, nítorí náà ẹ béèrè tẹ́lẹ̀ bóyá wọ́n ń gba Ìlera Èkó, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìjọba Èkó, kí ẹ sì gba iye owó iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ lórí ìwé. Ibikíbi tí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ sí, ìbáà jẹ́ ibẹ̀ tàbí ibòmíràn, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ìgbà wo ni wọ́n dánra wò kẹ́yìn, nọ́ọ̀sì mélòó ló ń sùn síbẹ̀ lóru, àti ọkọ̀ wo ló máa gbé yín bí ó bá di pé kí ẹ kúrò ní Ìkòròdú.