Ẹ̀rọ Kékeré Tí Mo So Mọ́ Tọ́tù Corolla Mi

Corolla 2010 tí mò ń wà n'Íbàdàn kì í yọ mí lẹ́nu, àfi pé ó máa ń lọ́ra láti gbọ́ràn. Bí mo bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ lẹ́bàá Ògèrè, tí mo tẹ tọ́tù, ọkọ̀ á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó ń ronú kó tó tú jáde. Ìdí nìyí tí mo fi ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní throttle controller, tí àwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì. Oṣù márùn-ún rèé tó ti wà lára ọkọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ agbára yẹn kì í ṣe òótọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò kábàámọ̀ owó mi.

Láyé ọkọ̀ oní-kabúrétọ̀, wáyà irin ló so ẹsẹ̀ awakọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Bí a bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ṣí. Nínú ọkọ̀ tèmi, sẹ́ńsọ̀ méjì tó wà lára tọ́tù ló ń ròyìn ibi tí ẹsẹ̀ mi dé fún brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, tí brain box yóò sì pinnu bí ilẹ̀kùn náà yóò ṣe ṣí tó. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi sùúrù sí ìpinnu yìí, kí ọkọ̀ má baà máa ta gìrì, kí èéfín rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Àárín tọ́tù àti brain box ni ẹ̀rọ tí mo rà yìí jókòó sí bí alágbàsọ tó ń bù mọ́ ọ̀rọ̀: mo tẹ tọ́tù díẹ̀, ó ní mo tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ mi bá ti kanlẹ̀, kò ní àbùmọ́ kankan mọ́. Mo dán an wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí ọ̀nà dá, mo tẹ tọ́tù dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ náà àti láìsí i, n kò sì rí ìyàtọ̀ kankan.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi so ó, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, iná ẹ́ńjìnnì tàn, ọkọ̀ kò sì fẹ́ sáré mọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí n kò tì wọlé tán ni, nítorí pé bí ìròyìn sẹ́ńsọ̀ méjèèjì kò bá bára mu, ńṣe ni brain box máa ń dín agbára ọkọ̀ kù fún ààbò. Réwáyà tì í títí ó fi dún "kà", ó sì bá mi pa iná náà.

Lójú ọ̀nà márosẹ̀, mo gbádùn rẹ̀ gidigidi. Ìrònú tó ń dá mi lágara yẹn kò sí mọ́. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá, ọ̀tọ̀ ni. Mo gbàgbé ẹ̀rọ náà sórí Sport, ìyẹn ìpele tó ń mú kí ọkọ̀ tètè ta, lọ́jọ́ tí mo lọ gbé ìyá mi lọ́jà, tí màmá gbé kérétì ẹyin lé itan. Bí mo ṣe rọra fẹsẹ̀ kan tọ́tù láti gun bọ́ǹpù báyìí, ọkọ̀ fò, ẹyin mẹ́fà fọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń lé ọ?" Èsì wo ni n ó fọ̀?

Ní ti epo, Eco, ìyẹn ìpele tó ń mú kí tọ́tù rọlẹ̀, kò bá mi dín in kù ju bí èmi fúnra mi ṣe lè ṣe é lọ bí mo bá rọ ẹsẹ̀. Ìpele tó kéré jù lọ ni mo ń lò nígboro báyìí. Ìyàwó mi kò fẹ́ ìyẹn pàápàá. Ó ní kí n máa pa á pátápátá kí n tó fún òun ní kọ́kọ́rọ́, mo sì ń pa á.